Èèkù Ni Kó Kọ́kọ́ Dé Ọwọ́ Oníbàárà

Ní ọdún 1973, nígbà tí wọ́n ń parí ilé gogoro tí gbogbo Abidjan ń pè ní Pyramide ní àdúgbò Le Plateau, ni baba mi kọ́kọ́ gbà mí láàyè láti fi ọwọ́ ara mi ta ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì ti lo ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ ní etí ọjà, tí n kò ṣe ohun mìíràn ju pé kí n pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta, kí n fi epo nù ún, kí n sì wé e sínú bébà. Mo mú ọ̀bẹ náà, mo na ojú rẹ̀ sí obìnrin tí ó fẹ́ rà á. Kí n tó ṣẹ́jú, baba mi ti di ọrùn ọwọ́ mi mú. “Yí i padà,” ni ó wí. “Èèkù ni kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ oníbàárà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ni kí ojú ọ̀bẹ máa wò.”

Èjìgbò ni baba mi ti wá, Èjìgbò ọmọ Ogìyán, ìlú tí ó jẹ́ pé bí àlejò bá wọ ọjà rẹ̀ títí di òní olónìí, yóò bá àwọn àgbàlagbà tí ń fi èdè Faransé dúnàá-dúrà, tí owó sẹ́fà sì ń ná níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà, nítorí àìlóǹkà ọmọ wọn tó wà ní Côte d'Ivoire. Ó gba Kútọnu, ó gba Lomé, ó gba Àkìrà, ó sì dé Abidjan ní 1951, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn Faransé la ojú omi Vridi tí ọkọ̀ òkun fi rí ọ̀nà wọ inú ọ̀sà. Àdúgbò Treichville ni ó ń gbé pẹ̀lú àwọn ará wa tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anango, nítorí pé àdúgbò òyìnbó ni Le Plateau nígbà náà, aláwọ̀ dúdú kì í sùn níbẹ̀ bí kò bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ní ìdájí, á gbé atẹ rù, á gba orí afárá tí ń léfòó lójú omi kọjá (ọdún 1957 ni wọ́n tó ṣí èyí tí a fi orúkọ Houphouët-Boigny pè), á sì máa ti ẹ̀yìnkùlé kan bọ́ sí òmíràn, á máa kí àwọn kúùkù òyìnbó, á máa bèèrè ọ̀bẹ tó kújú.

Ọ̀bẹ tí ń bọ̀ láti Thiers ni ó ń tà jù, ìlú kan ní àárín ilẹ̀ Faransé tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀bẹ ni àwọn ará ibẹ̀ ń jogún láti ìran dé ìran. Mo ṣì mọ ìró Douk-Douk bí a bá pa á dé, ọ̀bẹ tí a ń ká sínú èèkù onírin, tí ilé iṣẹ́ Cognet bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní 1929, tí wọ́n ya àwòrán ẹbọra àwọn ará Melanesia sí lára. Ṣùgbọ́n Opinel ni baba mi fẹ́ràn jù, nítorí òrùka irin tí wọ́n fi sí i lọ́rùn láti 1955, tí ẹni tó ń lò ó á yí díẹ̀, kí ojú ọ̀bẹ má baà ṣàdéédé pa dé mọ́ ọn níka. Baba mi a máa sọ pé ẹni tó ronú kan òrùka yìí, abiyamọ ni.

Ọwọ́ oníbàárà ni baba mi ń wò nígbà náà kí ó tó tajà. Kúùkù ní àpá iná lọ́rùn ọwọ́, apẹran ní àpá ọ̀bẹ ní ìka ọwọ́ òsì, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún àtíékè, àtàǹpàkò rẹ̀ a máa dúdú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan, baba mi á bèèrè pé, “Kí ni ẹ fẹ́ fi gé?” Kò sí ẹni tó ń bínú sí ìbéèrè náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kọjú sí àwọn ará Dahomey àti Togo, wọ́n ba dúkìá wọn jẹ́ títí tí ọ̀pọ̀ fi sá padà sí ilẹ̀ wọn. Ọmọ ọwọ́ ni mí. Ìyá mi ni ó sọ ọ́ fún mi. Baba mi kó gbogbo ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpótí onírin, ó fi àgádágodo tì í, ó tẹ́ ẹní lé e, ó sì ń sùn lórí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń lé ènìyàn wá, àwọn tí wọ́n ń lé náà wá, owó ìlọ́po mẹ́ta sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Èsì kan náà ni ó fún gbogbo wọn: “Ọ̀bẹ ti tán.” Ìyá mi ní gaàrí àti omi ni àwọn fi gba ọ̀sẹ̀ náà kọjá.

Mùsùlùmí ni baba mi, wákàtí márààrún kì í yẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ fi irin búra lórí ohun tí kò dá a lójú, nítorí ó ní ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ irin, inú agbolé Ògún Lákáayé ni ó wà, ìbáà kírun, ìbáà gba àdúrà. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún méjìlá, ó mú mi lọ wo ọdún Ogìyán nílé. Mo rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n fi àtòrì na ara wọn títí tí ẹ̀yìn wọn fi là, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí. Baba mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, “Ṣé o rí i? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbóná ni wọ́n fún ní àtòrì. Wọn kò fún un ní irin.”

Iṣẹ́ wa bàjẹ́ lójú mi, ọjọ́ rẹ̀ kò sì ṣókùnkùn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 ni wọ́n já iye owó sẹ́fà sí méjì, tí fàráǹkì Faransé kan tí a ń fi 50 sẹ́fà gbà di 100. Ọ̀bẹ Thiers gbówó lórí ní ọ̀sán kan òru kan. Kò pẹ́ tí ọ̀bẹ ilẹ̀ Ṣáínà fi kún ọjà, méjìlá méjìlá nínú ọ̀rá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé àgbàdo. Ọ̀bẹ di ẹ̀pà. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àti kóòmù, ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ọ́n pọ́n, ẹni tó ń rà á kò sì dúró kí a wo ọwọ́ òun. Èmi náà tà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nílé ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 2012. Ogun tó tẹ̀lé ìdìbò 2010, tí ó pa bí 3,000 ènìyàn, ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni. Mo ń palẹ̀ ọjà mọ́ nígbà tí ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun dúró níwájú mi, ó nawọ́ sí Douk-Douk kan tó kù lórí atẹ, ó jù 2,000 sẹ́fà sílẹ̀, kò dúró gba ṣéńjì. N kò bi í ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ọlọ́pàá méjì gbé ọ̀bẹ náà dé, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ojú ẹbọra ara èèkù rẹ̀. Ìlà kékeré mẹ́ta tí mo máa ń fà sí ìdí ọ̀bẹ tí mo bá pọ́n ni ó júwe ìsọ̀ mi. Nítorí fóònù ni wọ́n fi gún ọmọ iléèwé kan níkùn. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n bi mí pé ta ni mo tà á fún. Mo rántí pé owó náà jẹ́ tuntun. N kò rántí ojú ọmọ náà.

Ní àkókò náà ni àwọn ọmọ tí ń ti àdúgbò Abobo jáde pẹ̀lú àdá àti ọ̀bẹ ń dààmú ìlú, tí wọ́n ń pè wọ́n ní “microbes”. Orúkọ náà ń dùn mí. Ọmọ tí a bí, tí a kó jọ sọ lórúkọ, ni a wá ń pè ní kòkòrò àrùn. Àwọn èrò ọ̀nà sì ti fi ìbínú lu àwọn kan nínú wọn pa. Ìjọba ní tirẹ̀ ń pè wọ́n ní ọmọ tí òun àti òfin ń jà, ọlọ́pàá dọdẹ wọn, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ sí ibùdó M'Braty nítòsí Dabou láti kọ́ wọn níṣẹ́, èyí tí inú mi dùn sí ju ìdọdẹ lọ. Àwọn àgbà wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ní ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, èèkù ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́n tó ẹni tí ń bèèrè nǹkan kan, àwa àgbà tí a sì na èèkù náà sí wọn ń bẹ nínú ọjà.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń ta ohun èlò ìdáná ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òfin ibẹ̀ kò gbà kí òun ta ọ̀bẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òun sì máa ń wo ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹni tí ojú rẹ̀ bá kéré. Òfin tó dára ni, mo sì fẹ́ irú rẹ̀ fún gbogbo ọjà wa. Síbẹ̀ ní Peckham yẹn kan náà ni Damilola Taylor, ọmọ Yorùbá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kú sí ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 2000, àfọ́kù ìgò ni ó sì gé e ní itan. Kò sí ẹni tó ta àfọ́kù ìgò fún ọmọdé. Ìdí nìyí tí n kò fi rò pé kí a kàn fi ọ̀bẹ pa mọ́ fún ọmọ tó. Ó yẹ kí ẹnì kan dúró tì í kí ó kọ́ ọ bí a ti ń dì í mú.

Ní àsìkò òjò kan, ọmọ bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá ra àdá, ó ní òun fẹ́ máa ta àgbọn tútù ní ibùdókọ̀ Gare Sud. Mo pe ẹni tí ń ti ọmọlanke àgbọn kọjá, mo ra ẹyọ kan, mo na èèkù àdá mi sí ọmọ náà, mo ní, “Bẹ́ ẹ, kí n rí.” Ó gbé àgbọn lé àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ́ ìka sílẹ̀ gbalaja sí ibi tí àdá ń bọ̀. Mo dá a dúró. Ó ní, “Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà tà á fún mi.” Mo ní kó máa bọ̀ láràárọ̀, kó sì mú ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́ wá. Àárọ̀ mẹ́rin ni a fi kọ́ bí ìka ti ń ká sẹ́yìn, bí àdá ti ń bọ́ sílẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, tí a kì í ti òkè já a lulẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ bá a wá, ará Niger kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Òun ni mo ta àdá náà fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún kì í padà wá. Wọ́n á pòṣé, wọ́n á yà sí ìsọ̀ kejì.

Àwa méje là ń ta ọ̀bẹ ní ìlà wa. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí a má tẹ́ ọ̀bẹ síta níhòòhò mọ́, kí a má sì tà á fún ọmọ tó dá wá. Mẹ́ta gbà. Àwọn yòókù bi mí pé kí ni àwọn ọmọ àwọn yóò jẹ, n kò sì lè gbó wọn lẹ́nu, nítorí èmi náà ti fi èsì yẹn dá ara mi lóhùn rí. Mo ṣì ń lọ bá wọn sọ ọ́.

Àpótí onírin baba mi wà lábẹ́ ìsọ̀ mi. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí ìdìbò ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fi àdá lé ara wọn káàkiri, mo kó gbogbo ọjà mi sínú rẹ̀, mo tì í, mo tẹ́ ẹní lé e, mo jókòó. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta dé. Èyí àgbà nínú wọn kí mi dáadáa, ó pè mí ní “vieux père”, ó ní àwọn fẹ́ ọ̀bẹ mẹ́fà. Mo wo ọwọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọ̀bẹ ti tán.