Bí A Bá Rí Erin

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká wí pé a rí erin. Ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: mélòó nínú wa ló ti rí erin rí? Mi ò wí ti erin inú ìwé ọmọ iléèwé, mi ò sì wí ti èyí tí wọ́n sé mọ́ ọgbà ẹranko. Erin inú igbó ni mò ń wí, èyí tó jí láàárọ̀ tí kò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó ń jẹ́ ará Ìbàdàn.

Èmi ti rí i. Ìyàwó mi ló fi hàn mí. Bẹ́ẹ̀ ojú ìyàwó mi ni kò dá.

Káfíńtà ni mí. Ní 1987 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Apẹ̀tẹ̀ kò tíì rí bó ṣe rí lónìí. Tí èèyàn bá ti kúrò ní Pólì tó sọdá afárá Odò Ọ̀nà, oko ẹ̀gẹ́ ni á máa wò lọ́tùn-ún lósì, àti ilé kọ̀ọ̀kan tí kò tíì parí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé tí kò tíì parí yẹn, tèmi ni. Ògiri rẹ̀ ti ga tán. Páànù ló kù. Nínú yàrá méjì tí a háyà ni èmi, Ìyá Ìbejì àtàwọn ọmọ wa ń gbé.

Tíṣà ni Ìyá Ìbejì. Ńṣe ló kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá ẹnu ọ̀nà. Bí a bá jọ ń rìn lójú títì, tí ọmọ kan bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sáré kọjá, á ta gìrì bí ẹni pé inú ilẹ̀ lọmọ náà ti yọ. Nígbà tí a máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní glaucoma ni. Omi kan wà nínú ẹyinjú wa tó ń sun, tó sì ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá já gaara mọ́, omi náà á fún inú ojú pinpin, á wá máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ wọlé, bí ikán ṣe ń jẹ pákó tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Èyí tó bá sì ti jẹ, ó jẹ ẹ́ gbé. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú láàárọ̀ àti lálẹ́ kàn lè máa fà á sẹ́yìn ni, kò lè dá èyí tó ti lọ padà.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri wa nígbà náà. Àwòrán Alaska ló wà lára rẹ̀, ní ìpẹ̀kun àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń rọ́ bọ̀ láti orí òkè bí odò tó dì. Ọkọ kan àti aya rẹ̀ jókòó síwájú mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, wọ́n ń mu tíì. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ìyàwó mi sún mọ́ kàlẹ́ńdà yìí, ó wò ó títí.

"Bàbá Ìbejì, ṣé àwa náà ò ní bọ́ọ̀sì ni?"

Volkswagen tí mo fi ń kó pákó ló ń wí. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Yìnyín ò sí nílùú wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n igbó wà. Mo fẹ́ fojú mi rí erin kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé kì í ṣe ilẹ̀ ọjọ́ náà ló ń wí.

Owó tó wà lọ́wọ́ wa, owó àjọ ni, owó páànù sì ni. Ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ti bẹ̀rẹ̀ láti 1986, gbogbo nǹkan sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, wọ́n wá láti Ọjàaba. Wọ́n ní, "Àbúrò, ta ní ń gbé ẹni tí ojú ń dà láàmú lọ wo ẹranko? Bí ojú yẹn bá wá lọ tán, abẹ́ kí lẹ máa jókòó sí?"

Mi ò rí èsì fọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìyá Ìbejì ló kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun, sà. Páànù ò ní kúrò lọ́jà. Tèmi ló ń kúrò nílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa lọ, wọ́n fún wa ní náírà mẹ́wàá, wọ́n ní ká fi ra epo.

Mo yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, mo fi pákó kan bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ fóòmù lé e. Abẹ́ rẹ̀ la kó kẹ́ẹ̀gì omi, sítóófù, gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sí. Mo fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Oògùn ojú rẹ̀, inú ìkòkò amọ̀ kékeré la gbé e sí, a fi aṣọ tútù wé e kí ooru má bà á jẹ́. Epo bẹntiróòlù jẹ́ kọ́bọ̀ 39 àbọ̀ ní lítà kan nígbà yẹn, àwa sì ń pariwo pé ó ti wọ́n jù!

Nínú oṣù Èrèlé, a fi àwọn Ìbejì sọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà ní Àgbowó, a kọrí sí òkè. Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin. Ìlọrin la ti ra wàrà. Bí a ti ń lọ ni igi ń kúrú, tí igi òrí àti igi igbá ń gba ipò kòkó àti ọ̀pẹ. Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì bá rí ló ń pe orúkọ rẹ̀ síta: àgùtàn funfun, ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ tó ga jù ú lọ, òkìtì ọ̀gán tó dé fìlà. Mo ní ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní òun ń kó o pamọ́ ni.

Ní Jẹ́bà, a dúró wo Odò Ọya. Láti 1916 ni rélùwéè ti ń gba orí afárá ibẹ̀ sọdá omi ńlá yìí. Àpáta kan dúró gbagidi láàárín odò náà, bí ẹni pé wọ́n ní kó ṣọ́ ẹnu ibodè. Ẹja gbígbẹ la rà lọ́wọ́ obìnrin Tápà kan, inú bọ́ọ̀sì la sì sùn mọ́jú.

Lẹ́yìn Mọ́kwà ni bẹ́líìtì já. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Volkswagen yẹn wà, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, bẹ́líìtì ló sì ń yí fáànù rẹ̀. Bí bẹ́líìtì ò bá sí, àfi kéèyàn dúró. Mo ní èyí tí mo mú dání, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi nínú bọ́ọ̀sì. Ó pa ojú méjèèjì dé. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan sítóófù, ó fọwọ́ kan ṣíbí, ó wá ìkòkò oògùn kàn, ó ṣí i, ó tún un dé. Kò la ojú. Òkùnkùn ló ń kọ́.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà ni mí, Bàbá Ìbejì. Mi ò lè wọ kíláàsì láìtíì ka ìwé sílẹ̀."

A dé New Bussa lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bússà àtijọ́ gan-an, abẹ́ omi ló wà. Ibẹ̀ ni Mungo Park, òyìnbó tó wá wo ibi tí Ọya ń ṣàn lọ, ti kú sínú odò ní 1806. Nígbà tí wọ́n mọ ìdídò Káínjì parí ní 1968, adágún tó gùn ju 100 kìlómítà lọ bo ilẹ̀ náà, wọ́n sì kó bíi 44,000 èèyàn lọ sí àwọn ìlú tuntun. Bàbá arúgbó kan tó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nawọ́ sí orí omi, ó ní ilé bàbá òun wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń rí i. Wọ́n ní, "Mò ń rí i dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ò rí i."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyàwó mi lára.

A gba Wáwà wọ inú igbó ìjọba, a dé àgọ́ tó wà létí odò Oli. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti sun koríko, tí omi ti gbẹ níbi gbogbo, tí ẹranko kò níbòmíràn tí wọ́n lè mu omi mọ́. A rí erinmi tó yọ imú síta bí òkúta. A rí ọ̀bọ rẹpẹtẹ. A rí agbo ẹranko kan tó pupa fẹ́lífẹ́lí, tí abẹ́ ikùn wọn funfun, Ìyá Ìbejì sì ní, "Ṣé ẹgbin tí wọ́n ń fi ẹwà rẹ̀ kini rè é?" Eṣinṣin ńláńlá jẹ wá débi pé a gbàgbé ọyẹ́. Lóru, kìnnìún bú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara bọ́ọ̀sì gbọ̀n! Èmi fa aṣọ borí. Ìyàwó mi jókòó, ó ń gbọ́.

Ọjọ́ méjì kọjá, ìgbẹ́ erin nìkan la rí. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, atọ́nà wa, ọmọ Ìbàrùbá kan, ní ká dákẹ́. Èmi ń wò sọ́tùn-ún, mò ń wò sósì, ojú mi ò balẹ̀. Ojú Ìyá Ìbejì kò lè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́; ọ̀kánkán ló ń wò, bí ẹni tó gba ihò kọ́kọ́rọ́ wo yàrá. Ó nawọ́.

"Bàbá Ìbejì, igi wo ló ń ju etí yẹn?"

Mo wò ó, igi ni mo rí. Mo tún un wò, igi náà rìn. Mo ní, "Mo rí nǹkan kan..." Ó di ọwọ́ mi mú. "Erin ni. Ẹ sọ pé erin ni."

Mo sọ pé erin ni. Méje ni wọ́n, ọmọ kan sì wà láàárín wọn tó di ìrù ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n mu omi, wọ́n da erùpẹ̀ sára, wọ́n sì yí padà sínú igbó. Bí wọ́n ti tóbi tó un, a ò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

Kàìámà, Kìṣí, Ìgbòho, Ìsẹ́yìn la gbà padà sílé. Ìyàwó mi kọ́ni fún ọdún mẹ́jọ sí i. Nígbà tó fi máa di 1998, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló mọ̀ yàtọ̀. Ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́ báyìí, kò rọrùn láti gbé e. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kó wí pé ìrìn àjò yẹn kò yẹ. Òun ló ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ wa, láti orí àgùtàn funfun dé orí ọmọ erin. Èmi tí mo ní ojú méjì, mo ti gbàgbé ìdajì rẹ̀; òun ni mò ń bi.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé kì í ṣe ojú nìkan ló ń lọ. Ohun tí ojú ń wò náà ń lọ. Yìnyín Alaska ń yọ́. Èyí tó wà lórí òkè Kilimanjaro nílẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, láti 1912 wá, ó ti lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ tó ti lọ. Erin kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ wa. Oníbọn ti sọ igbó Káínjì di ibùba, mi ò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gba ọ̀nà tí a gbà lọ lónìí. Ní oṣù Èbìbí 2025, àgbàrá gbé ilé àti èèyàn lọ ní Mọ́kwà tí a kọjá. Afárá Apẹ̀tẹ̀ gan-an tí a gbà jáde nílé, omíyalé ti 26 oṣù Ògún 2011 ló wó o.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti ní àìsàn yìí, kó lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Kó má dúró dìgbà tó bá ń dùn ún. Bí ohun kan bá sì wà tí ìwọ àti aya rẹ fẹ́ jọ rí, ì báà ṣe òkè kan lẹ́yìn ìlú yín, ẹ tètè lọ wò ó.

Ní ti páànù, a kàn án ní 1989. Kò jò títí dòní.