Mo Gbé Àwòrán Kiyonaga Dé Etídò Agbabu

Ọ̀rẹ̀ ni mo ti wọ mọ́tò lọ sí Agbabu, nígbà ọyẹ́ tí eruku ti bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà. Àwòrán kan wà nínú báàgì mi, ẹ̀dà iṣẹ́ Torii Kiyonaga, ará Japan tó kú ní 1815: àwọn obìnrin gíga tí wọ́n wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gbafẹ́ létí odò Sumida. Ó wù mí kí n wò ó létí odò tiwa.

Pákó ni wọ́n tò jọ níwájú àwọn sọ́míìlì. Ìjọba gbin igi Gmelina sínú igbó Olúwa láti fi ṣe bébà. Igi ni gbogbo iṣẹ́ Kiyonaga pẹ̀lú. Òun á ya àwòrán, agbẹ́gilére á fín in sára pákó ṣẹ́rì, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pákó tirẹ̀, atẹ̀wé á wá tẹ̀ ẹ́ lé bébà tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Láti 1765 tí ayàwòrán Harunobu ti sọ àwòrán aláràbarà di ọjà, mẹ̀kúnnù pàápàá lè rà á.

Ẹni tó bá dárúkọ Agbabu, ọ̀dà ló ń bá lẹ́nu, láti ayé Nigerian Bitumen Corporation tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ kiri agbègbè yìí ní 1908. Ọ̀dà kọ́ ni mo bá wá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Olúwa.

Àwọn obìnrin kan ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ ní ìhà Ìlàjẹ. Aṣọ ẹbí dọ́gba lára wọn, gèlè wọn le kankan. Ọ̀kan ká ìró sókè nítorí ẹrẹ̀, òmíràn ń fi agboòrùn ṣíji bo màmá àgbà kan. Ká ní Kiyonaga wà níbẹ̀, kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí dúró.

Mo kúnlẹ̀ kí màmá náà, mo fi àwòrán hàn wọ́n.

"Ọjà ni wọ́n ń lọ?"

"Rárá o, Màmá. Fàájì ni. Bí ooru bá mú, wọ́n á wọkọ̀ gba atẹ́gùn. Bí igi ṣẹ́rì bá tanná, wọ́n á lọ wò ó. Bí yìnyín bá bọ́, ó ní ìjáde tirẹ̀."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Ta ló ń san owó ọkọ̀ wọn?"

Mi ò lè fi òótọ́ pamọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí àwọn ayàwòrán yẹn ń yà, Yoshiwara ni wọ́n ń gbé, àdúgbò aṣẹ́wó tí kòtò omi yí ká, tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Gbèsè ló mú kí òbí ọ̀pọ̀ wọn tà wọ́n síbẹ̀ ní kékeré. Orí bébà ni wọ́n ti ń ráyè jáde ju ojú ayé lọ.

"Àwa la san tiwa," ni Màmá wí, wọ́n dá àwòrán padà fún mi.

Ọwọ́ Kiyonaga ṣì dára lójú mi, n ò tíì rí ẹni tó mọ bí aṣọ ṣe ń wọ́ nílẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa mú pákó Ọ̀rẹ̀ fín ìjáde àwọn obìnrin Agbabu, kó má gbàgbé pọ́ọ̀sì kékeré tí Màmá há sábẹ́ apá. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀.