Agbowó-Orí Ìlú Ara Wa



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ilé kéwú máa ń bi mí, pàápàá àwọn tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ: "Àáfà, bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ inú ló ń ba ènìyàn jẹ́, kí ló dé tí Ọlọ́run fi í sí wa lára?" Ìbéèrè gidi ni. Kò yẹ kí a fi pàṣán dá ọmọ tó bèèrè rẹ̀ lóhùn, nítorí bí kò bá rí ìdáhùn nílé, yóò rí i níta. Àwọn kan níta yóò sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ti wu ọkàn rẹ̀ ni kí ó ṣe. Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tó bá fẹ́ ohunkóhun láyé yìí ti di ẹni ègbé. Èmi kò gba ti àwọn méjèèjì.

Nínú ìwé Kimiya-yi Sa'adat, tí Ìmáàmù Abu Hamid al-Ghazali fi èdè Páṣíà kọ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, ó fi ara ènìyàn wé ìlú. Ọkàn ni ọba, làákàyè ni wàsírì, ìbínú ni ọlọ́pàá, ìfẹ́ inú sì ni agbowó-orí. Ẹ wò ó dáadáa: kò ní kí a lé agbowó-orí kúrò nílùú. Ìlú tí kò ní agbowó-orí, òṣì ni yóò ta á. Ìfẹ́ oúnjẹ ló ń mú ara dúró. Ìfẹ́ láàárín ọkọ àti aya ló ń mú kí ọmọ kún ilé. Ṣùgbọ́n agbowó-orí kì í mọ ìgbà tó tó. Bí ọba bá gbàgbé wàsírì, tó wá ń gba àṣẹ lẹ́nu agbowó-orí, ìlú bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára gbogbo wa nínú ààwẹ̀ Ramadan. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkàn á máa ka oúnjẹ: dòdò, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, iyán, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù. Ó dá wa lójú pé a ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí a bá ṣínu, dàbínù mẹ́ta, ife omi kan, kòkò pẹ̀lú àkàrà, ikùn ti kún. Ife omi àkọ́kọ́ dùn ju oyin lọ. Ìkejì, omi lásán ni. Ìkẹta, a kò fẹ́ rí i mọ́. Ìfẹ́ inú kò purọ́ nígbà tó ní omi dùn. Orí iye tó máa tó wa ló ti purọ́.

Ikùn tilẹ̀ ní ìwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ á sọ pé ó tó. Ojú tó ń wá owó, ipò àti ìyìn ènìyàn kò ní ìwọ̀n kankan. Wàsírì nìkan ló lè bá a wọ̀n ọ́n.

Al-Ghazali mọ èyí lára. Ìlú Tus, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráànì lónìí, ni wọ́n ti bí i ní 1058. Ní 1091, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní Nizamiyya ní Baghdad, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó lókìkí jùlọ nígbà náà; nǹkan bí 300 akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ni olùkọ́ tún ń fẹ́? Síbẹ̀, ní 1095, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú wọn, oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́, àwọn oníṣègùn sì ní ọkàn ni àìsàn náà ti wá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun yẹ ara òun wò, òkìkí ni òun ń wá nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ó pín ohun ìní rẹ̀, ó fi èyí tó tó ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọrí sí Damascus.

Àwọn kan máa ń dá ìtàn náà dúró síbẹ̀, bí ẹni pé sísá fún ayé ni ìdùnnú. Ṣùgbọ́n ní 1106, ó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́, ní Nishapur. Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tó ń wá nídìí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èmi náà ti ń kọ́ ọmọ. Mo ka wàláà, mo sì ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó èyí tí mo lè fi jókòó sí ọ́fíìsì. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà níbẹ̀ kọ́lé jù mí lọ. Ilé wọn máa ń wù mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ti ń bá álífù jà láti oṣù pípẹ́ bá ka súrà kan tán láìṣì í kà, ìdùnnú kan máa ń bà sí mi lọ́kàn tí n kò lè rí rà lọ́jà. Ìfẹ́ inú náà ni. Wàsírì ló kàn rán an níṣẹ́.

Ìdáhùn mi fún àwọn ọmọ nìyẹn: Ọlọ́run fi í sí wa lára kí a lè máa rán an níṣẹ́, kí òun má máa rán wa. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó yáwó ra aṣọ ọdún Iléyá, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé n kò ní aṣọ ni, àbí ojú ará àdúgbò ni mo fẹ́ kún? Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé ẹ̀yin náà ń sọ pé "ó tó."

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tó balẹ̀. Àmín.