Kí Ojú Tó Kúrò Lára Bọ́ọ̀lù

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni bọ́ọ̀lù gbígbá, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù. Ní Mowe níbí, a kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti wọ jẹ́sì kílọ́ọ̀bù kan rí, kóòṣì la ó máa pè é lọ́jọ́ tó bá ṣíwọ́. Bí wọ́n ṣe ń pe èmi náà nìyẹn nígbà tí orúnkún mi ò gbà mọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n ò tíì kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

N kò ní dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi, nítorí wọn kì í fẹ́ aruwo. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, National Institute for Sports ní Súrùlérè ni wọ́n sì ti gba ẹ̀kọ́ kóòṣì. Pápá oníyanrìn kan lọ́nà Ọ̀fàdà ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ jọ nírọ̀lẹ́. Mo rò pé wọn á gbé fèrè lé mi lọ́wọ́. Bẹ́ǹṣì onípákó kan lábẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n fún mi ní ìwé àti báírò, wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Ojú ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré, bọ́ọ̀lù ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀gá mi ka ohun tí mo kọ, wọ́n ní, “Ibi tí bọ́ọ̀lù lọ lo kọ síbí. Ta ló bi ọ́?” Wọ́n dá ìwé padà fún mi. Ó pẹ́ gan-an kí n tó máa rí i pé ọmọ yìí kì í wẹ̀yìn kó tó gba bọ́ọ̀lù, pé tọ̀hún ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń dè é kí wọ́n má baà gbá a fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fà mí wọ pápá, iṣẹ́ ìgò ni wọ́n sì fún mi. Ìgò omi oníke tí a rọ iyanrìn sí la fi ń sàmì ilẹ̀. A ó fẹsẹ̀ wọn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síbí, mẹ́wàá sọ́hùn-ún, títí yóò fi di igun mẹ́rin. Ọmọ mẹ́rin á dúró létí rẹ̀, wọn á máa gbá bọ́ọ̀lù síra wọn, méjì á wà láàárín tí wọ́n ń lé e. Bí ààyè náà bá fẹ̀ jù, àwọn tó ń lé e á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọn ò ní rí nǹkan kan kọ́. Bí ó bá há jù, bọ́ọ̀lù á máa ta jáde, ìjà á dé. Ìṣísẹ̀ kan péré ló máa ń wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn òjò, tí iyanrìn bá ti ki, bọ́ọ̀lù kì í sáré, a ó tún fa ìgò sún mọ́ra.

Ọmọ kan wà tó máa ń kẹ̀yìn síwájú ní gbogbo ìgbà tó bá gba bọ́ọ̀lù. Mo ti pariwo “Yíjú!” títí ohùn mi fi há. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo panu mọ́, mo gbé ìgò méjì sẹ́yìn rẹ̀ bíi géètì, mo ní àárín wọn ni kó ti máa gbá bọ́ọ̀lù kọjá. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn, tó ṣí èjìká, tó fi ẹsẹ̀ tó jìnnà gba bọ́ọ̀lù, tó sì ti dojú kọ iwájú kí ẹni tó ń lé e tó dé. Ọ̀gá mi rí i. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní kí n tún un ṣe lọ́la fún ẹlòmíràn.

Bí mo bá ti ń fi bọ́ọ̀lù àná ṣakọ, Stephen Keshi ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Keshi gbá bọ́ọ̀lù fún Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀mù, òun ni balógun Super Eagles tó gba ife Áfíríkà ní Tunis ní 1994. Síbẹ̀, ní Ife Àgbáyé ọdún yẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Gíríìsì nìkan ni Westerhof, kóòṣì wọn, fi í sí. Orí bẹ́ǹṣì ló ti wo ìyókù. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ kóòṣì ti bẹ̀rẹ̀ fún un, bó ti wù kó dùn ún tó.

Nígbà tó ṣíwọ́, ó ṣe igbákejì fún Jo Bonfrere, kóòṣì Super Eagles. Wọ́n fún un ní ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa, wọn ò yege. Ó gbé Tógò dé Ife Àgbáyé 2006, èyí tí wọn ò ṣe rí, àmọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi Otto Pfister ará Jámánì rọ́pò rẹ̀. Málì náà lé e ní 2010. Ní 10 February 2013, ní Johannesburg, Nàìjíríà tí Keshi jẹ́ kóòṣì rẹ̀ na Burkina Faso ní 1-0 nínú àṣekágbá ife Áfíríkà. Sunday Mba tó gbá bọ́ọ̀lù náà sílé, líìgì ilé wa níbí ni Keshi ti mú un. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ti fi agbábọ́ọ̀lù gba ife náà, tó tún fi kóòṣì gbà á, ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀gá mi a tún fi kún un pé tíṣà ni Adégbóyè Onígbìndé ọmọ Modákẹ́kẹ́, pé Keshi wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí Onígbìndé kó dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984. Inú wọn máa ń dùn bí wọ́n bá ń sọ ọ́, tíṣà ṣáà ni àwọn náà.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa, Daniel Ogunmodede kó Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀, àwọn ọmọ tó ń fẹ́ kọ́ṣẹ́ pọ̀ ju àwọn tó lè kọ́ wọn lọ. Ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ sìn ín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ kóòṣì D ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò lèmi ti bẹ̀rẹ̀.