Láti Lougba dé Etí Òkun Ouidah

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ọ̀nà Dassa dáadáa, nítorí pé lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, ni a máa ń lọ kí Ìyá wa ní Arigbo. Ní ìsinmi tó kọjá, a kò dúró ní Dassa. A kó àwọn ọmọ katikísìmù sínú ọkọ̀, a la Bohicon àti Allada kọjá, ó di Ouidah. Ọ̀nà náà ju 200 kìlómítà lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sì rí òkun rí.

Wọ́n fẹ́ bọ́ sínú omi lójú ẹsẹ̀. A kọ̀ fún wọn. Ìgbì ibẹ̀ le, ó ń gbé ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn omi, ọ̀sà Djègbadji ni kí ó lọ. Ẹ ó wọ ọkọ̀ kékeré níbẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn obìnrin tó ń fi omi sẹ́ iyọ̀ kúrò lára iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n ń sè é títí yóò fi gbẹ.

A wo ilé olódi àwọn Potogí tí a kọ́ ní 1721, níbi tí Alùfáà Borghero àti ẹnìkejì rẹ̀ wọ̀ sí ní 1861. A kúnlẹ̀ níbi ibojì Kádínà Gantin ní ilé ẹ̀kọ́ Saint-Gall. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ṣe lọ.

Ọ̀nà náà tó bíi kìlómítà mẹ́rin, láti àárín ìlú dé etí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. A fi ẹsẹ̀ rìn ín. Oòrùn mú, àwọn kékeré ń kùn. Nígbà tí a dé ibi ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ń pè ní Porte du Non-Retour, èyí tí wọ́n ṣí ní 1995, a jókòó sórí yanrìn, a sì sọ ìtàn Kossola fún wọn.

Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dahomey, kó ìlú Kossola. Kò tíì ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ nígbà náà. Wọ́n kó òun àti àwọn yòókù, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, sínú ọkọ̀ Clotilda ní Ouidah, ó di Alabama ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀, láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀! Sylviane Diouf, onímọ̀ ìtàn, tọpa rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ ní 2007. Ó ní ọmọ Ìṣà ni, láti agbègbè Bantè. Bantè tiwa yìí.

Òmìnira dé ní 1865, ṣùgbọ́n kò sí owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà wálé. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kan dó, Africatown ni à ń pè é. Nígbà tí òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston wá bá a ní 1927, inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan fẹ́ gbọ́. Ó fẹ́ kí ó ròyìn òun káàkiri, bóyá lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò dárúkọ òun nílẹ̀ wa, kí ẹlòmíràn sì dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n. Ó kú ní 1935. Ìwé náà kò jáde títí di 2018.

Ọmọdébìnrin kan béèrè bóyá ó jìnnà sí Lougba, ibi tí wọ́n ti mú un. A ní kò jìnnà. Ó dìde, ó kọjú sí òkun, ó pe Kossola. Àwọn yòókù bá a pè é. Ariwo ìgbì bo ohùn wọn, wọ́n sì tún pè é.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Savalou.