Òkúta Dúdú Láti Kilauea

Òkúta náà kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ. Ó dúdú, ihò wínníwínní sì gba gbogbo ara rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti tú jáde kó tó dì. Etí àwọn ihò náà mú, wọ́n ń ha ìka. Bí oòrùn bá bọ́ sí i lára, àwọn hóró kéékèèké aláwọ̀ ewé á máa kọ mànà nínú dúdú náà. Òlífíìnì ni wọ́n. Àwọn ló kọ́kọ́ dì nígbà tí òkúta ṣì ń ṣàn. Basáàtì ni wọ́n ń pe irú òkúta yìí, òkè ayọnáyèéfín Kilauea ní Hawaii ló sì pọ̀ ọ́ jáde.

Bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ basáàtì Japan àti èyí tí wọ́n hú nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, ojú lásán lè má dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìbí wọn kò dọ́gba. Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí awẹ́ ńlá ńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ Àtìláńtíìkì, awẹ́ ń ya kúrò lára awẹ́, òkúta yíyọ́ sì ń gòkè wá dí àlàfo. Hawaii jìnnà sí etí awẹ́ rẹ̀; ooru láti ìsàlẹ̀ jíjìn ló ń gba àárín rẹ̀ yọ.

Ní Japan, awẹ́ kan ń wọ abẹ́ òmíràn. Èyí tó ń rì ti mu omi òkun yó. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ìwúwo ilẹ̀ ń fún omi náà jáde lára rẹ̀, omi sì ń gbé àwọn èròjà bíi báríọ́mù àti stróńtíọ́mù lọ sínú òkúta tó ń yọ́ lókè. Títáníọ́mù àti nióbíọ́mù kì í fẹ́ bá omi rìn. Ìrìn omi yìí, tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí, kò kúrò lára òkúta mọ́.

Kí wọ́n tó lè kà á, òkúta gbọ́dọ̀ kúnná. Òòlù fọ́ ọ, ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, títí tó fi di ìyẹ̀fun eléérú bí èlùbọ́. Ààsìdì líle jẹ ìyẹ̀fun náà di omi tó mọ́ gaara. Ẹ̀rọ mìíràn wá fọ́n omi yìí bí ìkùukùu sínú iná afẹ́fẹ́ ágọ́nì tó gbóná ju ojú oòrùn lọ, ó sì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ nípa òkúta, Julian Pearce àti Joe Cann, ya àwòrán onígun mẹ́ta: títáníọ́mù ní igun kan, sàkóníọ́mù ní èkejì, ítíríọ́mù ní ìkẹta. Òkúta kọ̀ọ̀kan di àmì tóótó kan, àwọn tí ìbí wọn bára mu sì ṣùjọ. Iṣẹ́ àwòkọ́ṣe ni, àmọ́ igun mẹ́ta kò lè gba ju nǹkan mẹ́ta lọ.

Ní 2006, onímọ̀ nípa òkúta mìíràn, Pieter Vermeesch, kó ìwọ̀n basáàtì 756, tí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ti wá, fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló wá ìbéèrè tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa jù lọ, ó sì to àwọn ìbéèrè náà bí ẹ̀ka igi. Èyí ló jọni lójú jù: kò sẹ́ni tó sọ ìtàn omi àti awẹ́ fún un, síbẹ̀ títáníọ́mù ló kọ́kọ́ béèrè. Òkúta Kilauea, tí títáníọ́mù inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ́síjìn tó so mọ́ ọn, ju ìdá 2 nínú 100 lọ, yà sí ẹ̀ka àwọn erékùṣù àárín òkun. Àwọn tí tiwọn kéré ń lọ sí ẹ̀ka kejì, níbi tí ìbéèrè mìíràn ti ń dúró dè wọ́n.

Ibùgbé mẹ́ta péré ni igi yìí mọ̀, irú ti Hawaii, Japan àti ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì; gbogbo wọn ló sì jẹ́ ti òkun. Òkè Kamẹrúùnù wà lórí ilẹ̀, ó sì ṣì ń yọ iná, ṣùgbọ́n òkúta rẹ̀ jọ ti erékùṣù São Tomé tó wà láàárín omi. Bí wọ́n bá kó o fún igi náà, ẹ̀ka erékùṣù ni yóò gbé e sí. Ẹ̀rọ kò lè dárúkọ ibi tí wọn kò fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn án.