Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Eren

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí odi ìlú wọn wó, Grisha Yeager ṣe ìlérí kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní tí òun bá ti ìrìnàjò dé, òun á fi ohun tó wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ hàn án. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè kí ọmọ rí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ilé ti wó, òmìrán ti jẹ ìyá ọmọ náà lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Eren nígbà yẹn. Ọdún márùn-ún ló fi gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kọ́ ọrùn kó tó padà dé ẹnu ilẹ̀kùn tó ń ṣí.

Àwa tí a ń ka Attack on Titan náà bá a dúró. Ọdún 2009 ni Hajime Isayama bẹ̀rẹ̀ sí í gbé máńgà náà jáde lóṣooṣù nínú Bessatsu Shōnen Magazine ti ilé iṣẹ́ Kodansha ní Japan, oṣù kẹrin ọdún 2021 ló parí rẹ̀. Orí 139 ni, ìdìpọ̀ 34. Àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ dúró ju ọdún mẹ́fà lọ kí wọ́n tó rí inú yàrá yẹn. Àwa tí a bá ìtàn náà lójú ọ̀nà, tí a ń jó dátà mọ́jú nítorí rẹ̀, ìdúró tiwa ò tó tiwọn, àmọ́ àyà wa náà já nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kà á, ẹ tètè sá o, torí gbogbo àṣírí ibẹ̀ la máa tú síta.

Kí ni a rí níbẹ̀? Kì í ṣe ohun ìjà. Kì í ṣe oògùn tó ń pa òmìrán. Ìwé mẹ́ta ni, pẹ̀lú fọ́tò kan. Nínú fọ́tò náà, bàbá Eren jókòó pẹ̀lú obìnrin kan tí kì í ṣe ìyá Eren àti ọmọkùnrin kékeré kan tí Eren ò rí rí. Bàbá ti níyàwó tẹ́lẹ̀. Bàbá ti bímọ tẹ́lẹ̀. Ìlú tó ti wá, kò sí ará inú odi kan tó mọ̀ pé ó wà láyé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ̀rọ̀ lórí ogun tó wà nínú ìtàn yìí, àti lórí ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn kéré sí ìyẹn, ó sì sún mọ́lé jù ú lọ. Bàbá kan ló bí ọmọkùnrin méjì. Ó sọ gbogbo nǹkan fún èyí àkọ́kọ́. Kò sọ nǹkan kan fún èyí èkejì. Àwọn méjèèjì ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọ́bí. Zeke lorúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó bí i, Grisha náà ti jẹ ọmọdé rí ní Liberio, àdúgbò tí ìjọba Marley sé àwọn ẹ̀yà Eldia mọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn baba ńlá wọn máa ń di òmìrán, wọ́n sì fi agbára yẹn jẹ gàba lé ayé lórí láyé àtijọ́. Àwa ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ní Liberio, ìka àtọmọdọ́mọ ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń gé. Lọ́jọ́ kan, Grisha mú Faye àbúrò rẹ̀ jáde láìgbàṣẹ, kí wọ́n lọ wo ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá. Àwọn agbófinró mú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní òun á sin ọmọbìnrin náà délé. Òkú ọmọ ni wọ́n rí lọ́jọ́ kejì. Àwọn agbófinró wá sílé, wọ́n parọ́, bàbá Grisha sì ń tẹríba fún wọn, ó ń tọrọ àforíjì. Ó ti pẹ́ kí Grisha tó gbọ́ òótọ́: ajá ni wọ́n dẹ sí ọmọ náà.

Ìbínú yẹn ló gbé e wọ inú ẹgbẹ́ tó ń múra láti dá ìjọba Eldia padà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Dina, ọmọ ìdílé ọba. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Zeke.

Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún Zeke. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì í létí pé òun ló máa gba ẹ̀yà wọn là. Wọ́n fi í sáàárín àwọn ọmọ tí Marley ń kọ́ ní iṣẹ́ ogun, kí ó lè jẹ́ amí wọn níbẹ̀. Ọmọ náà ò tó ẹgbẹ́ ẹ̀ sáré, kò tó ẹgbẹ́ ẹ̀ jà, ojú tí bàbá ẹ̀ fi ń wò ó sì ń dun ún. Nígbà tó wá gbọ́ pé ọwọ́ ìjọba fẹ́ tó àwọn òbí òun, tó sì mọ̀ pé tí wọ́n bá mú wọn, òun àti bàbá àgbà àti ìyá àgbà òun ló máa bá a lọ, ó rìn lọ fúnra rẹ̀, ó sì fẹjọ́ wọn sùn. Ọmọ ọdún méje! Wọ́n kó Grisha àti Dina lọ sí erékùṣù Paradis, wọ́n sì gún Dina lábẹ́rẹ́ tó sọ ọ́ di òmìrán lójú ọkọ rẹ̀.

Ta la fẹ́ dá lẹ́bi níbí? Ọmọ tó ta òbí ni, àbí òbí tó ti kọ́kọ́ fi ọmọ tọrẹ? Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Amí kan tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Marley ló gba Grisha là, tó fún un ní agbára òmìrán tirẹ̀, tó sì rán an wọ inú odi. Ó di dókítà níbẹ̀. Ó wo àjàkálẹ̀ àrùn sàn, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, ó fẹ́ Carla, ó bí Eren. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ẹnu mọ́. Ó jọ pé ó ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ àsọjù ṣe fún ọmọ àkọ́kọ́. Ó kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé, ó tì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀, ó wá ń jẹun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ lókè bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀.

Nǹkan wà nísàlẹ̀. Òmìrán tó jẹ Carla lọ́jọ́ tí odi wó, Dina ni. Lédè tiwa, ìyálé ló jẹ ìyàwó, àwọn méjèèjì ò sì mọ ara wọn rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Grisha fa Eren wọ inú igbó, ó gún un lábẹ́rẹ́, Eren di òmìrán, ó sì gbé bàbá rẹ̀ jẹ. Bàbá tí kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ fún ọmọ, ara rẹ̀ ló fi fún ọmọ jẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ìrántí rẹ̀ gbà wọlé, láìsí àlàyé kankan: Faye, Dina, àti ìdílé Reiss, àwọn tó ni ìjọba inú odi ní ìkọ̀kọ̀, tí Grisha pa tọmọtọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan náà kí agbára wọn lè di tirẹ̀.

Níbí ni ìtàn yìí ti kọ̀ láti rọrùn. Ìgbà tó yá, Zeke mú Eren rìn gba inú ìrántí bàbá wọn kọjá, kó lè rí i pé bàbá ló ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dọ́ba. Níwájú àwọn ọmọ Reiss, ó kúnlẹ̀, kò lè pa wọ́n, ó rántí pé dókítà lòun. Eren ló dúró tì í láti ọjọ́ iwájú, tó ń rán an létí Faye títí tó fi dìde. Grisha di mọ́ Zeke, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá àbúrò rẹ̀ dúró. A sunkún níbẹ̀, a ò purọ́. Síbẹ̀, ẹkún wa ò jí ọmọ Reiss kankan dìde.

Èyí la rò pé àwọn tó ń jà nítorí Eren lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fò kọjá. Kéèyàn mọ ìdí tí ẹnì kan fi ṣe nǹkan yàtọ̀ sí kéèyàn dá a láre. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kejì wà nínú ìtàn náà, ní Liberio, níbi tí Eren ti jókòó kojú Reiner, ọ̀kan lára àwọn tó wó odi. Reiner kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní kí Eren pa òun. Eren sọ fún un pé ọ̀kan náà làwọn méjèèjì. Ó yé ara wọn pátápátá. Lẹ́yìn náà, Eren di òmìrán, ilé wó pa àwọn tó ń gbé lórí wọn. Òótọ́ jáde síta, ó sì tún pa èèyàn.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi máa parí, Eren ti pa ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èèyàn tó wà láyé. Ó tún jẹ́wọ́ fún Armin, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé òun lòun darí Dina kúrò lọ́dọ̀ ẹlòmíì kó lè kọrí sílé àwọn. Ọmọ tó ru àṣírí bàbá ti ní tirẹ̀ tó burú ju ti bàbá lọ.

A lè pa ìwé dé ká ní Japan nìyẹn jìnnà. Àmọ́ àwa náà mọ irú ilé méjèèjì. Ọ̀kan nínú wa tí a jọ ń ka ìtàn yìí, níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹni náà gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú iwájú orí bàbá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàbá, gbogbo àwọn àgbà inú ilé sì ń wo ilẹ̀. Wọ́n mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n má bàa da ọkàn ọmọ rú ni. Ilé kejì ni èyí tí ọmọ ti ń gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò tíì mọ ABD, ó ti mọ ilé tí kò gbọ́dọ̀ ti jẹun, ó ti mọ orúkọ ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá àgbà, ó ti mọ̀ pé òun lòun máa gba ẹ̀san. Wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á ní ọkùnrin ni. Ilé àkọ́kọ́ ń tọ́ Eren, ilé kejì ń tọ́ Zeke.

Torí náà, tí ẹnì kan bá ń bi wá pé ṣé ó yẹ kí òbí sọ àṣírí fún ọmọ, a máa ń ní ìbéèrè yẹn ò tíì délé. Èyí tó yẹ ká bi ni pé: ta ló máa ru ẹrù inú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ́?

Ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tó dáhùn ìbéèrè yìí. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe òmìrán, ọdẹ ni. Gabi, ọmọ ọdún méjìlá tí Marley kọ́ láti kórìíra, ló yìnbọn pa Sasha ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n fa Gabi dúró níwájú bàbá Sasha, wọ́n na ọ̀bẹ sí i pé kó gbẹ̀san. Ó gba ọ̀bẹ náà, ó gbé e kalẹ̀. Kò ní ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan. Kò díbọ́n pé kò dun òun. Ohun tó sọ ni pé ayé ti dà bí igbó tí wọ́n ti ń pa ara wọn, àwọn àgbà ló sì yẹ kó ru ẹ̀ṣẹ̀ àtẹ̀yìnwá, kí àwọn ọmọ lè rí ọ̀nà jáde. Ọmọbìnrin mìíràn tí Sasha gbà là rí ṣì gbìyànjú láti gún Gabi lọ́bẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ò wo gbogbo nǹkan sàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ nígbà tó yá, Gabi gba ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́ òmìrán, àwọn méjèèjì sì dẹ́kun pípa ara wọn.

Grisha ò rí ọ̀nà yìí. Ó gbé ẹrù fún Zeke pẹ̀lú àlàyé, ó gbé ẹrù fún Eren láìsí àlàyé, kò sígbà kan tó gbé e sórí ara rẹ̀ kó ní ibi tó mọ nìyí. Carla ló sún mọ́ ọn jù. Nígbà tí Eren ṣì wà lọ́wọ́, ó ti sọ fún ẹnì kan pé kò di dandan kí ọmọ òun di èèyàn ńlá, pé bíbí tí wọ́n bí i sáyé yìí ti tó. Zeke ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu òbí rẹ̀ rí.

Àwa ò tíì dàgbà tó àwọn tó ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa, àmọ́ ọdún ń gorí ọdún. Àwọn kan nínú wa ti ń bímọ, àwọn àbúrò wa sì ti ń béèrè ìdí tí a kì í fi í dé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wa. A máa sọ fún wọn. A máa sọ orúkọ, a máa sọ ẹni tó ṣe kí ni, títí kan apá tí kò dáa lójú ìdílé wa. Tí a bá sọ ọ́ tán, a máa fi kún un pé ìjà náà kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n lọ ṣeré.